Ọkọ̀ Irin Láti Òkòtà dé Ìdí-Àgbọn

Bí ẹ bá dé ẹ̀bá kànáàlì l'Ókòtà tí ẹ bèèrè Tàjùdéèn, àfàìmọ̀ ni kí wọ́n má sọ fún yín pé àwọn ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ wá bèèrè Ànábì Nùhù wò. Kíá ni wọ́n á nawọ́ sí ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà kan tó kẹ̀yìn sí omi, tí tánkì irin kún iwájú rẹ̀. Sàláúdéènì tó ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ló fún un lórúkọ yẹn, lọ́jọ́ tó rí i tó ń fi ṣọ́ọ̀kì ya àwòrán ọkọ̀ ojú omi sórí ilẹ̀.

"Wẹ́dà, ṣé Ọlọ́run ló bá ẹ sọ̀rọ̀ lójú àlá ni?" ni Sàláúdéènì wí. "Tó bá ní ìkún-omi ń bọ̀, jọ̀ọ́, fi èmi àti ìyàwó mi kún àwọn ẹranko."

Àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Tàjù kò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa ìlà kan tó wọ́ rẹ́, ó sì tún un yà. Irú èèyàn tó jẹ́ nìyẹn. Tó bá ti fi nǹkan sọ́kàn, ẹ lè máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú, yóò kàn máa ṣe bí ẹni tí etí rẹ̀ di.

Ohun tó fi sọ́kàn yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ ló ti wà níbẹ̀.

Ìwó ni wọ́n bí Tàjù sí. Ọ̀dọ́ ló wà nígbà tó wá sí Èkó, ó kọ́ṣẹ́ wẹ́dà l'Óṣòdì, ó gba yàrá kan ní Ìsọlọ̀, ìsàlẹ̀ ilé tó ń gbé ló sì ti rí Àjíbíkẹ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán. Ọmọ etí omi ni Àjíbíkẹ́. Ìdí-Àgbọn ni wọ́n ti bí i, abúlé kan tí omi yí ká lọ́hùn-ún lẹ́yìn Ọ̀jọ́, níbi tí ọmọdé ti ń mọ ọkọ̀ wà kó tó mọ ìwé kà. Nígbà tí Tàjù lọ tọrọ rẹ̀, ọkọ̀ èrò ló wọ̀ lọ. Kí ọkọ̀ náà tó dé àárín omi, ó ti fi ọwọ́ méjèèjì di etí ọkọ̀ mú, ó ti dijú pinpin, ó sì ti bì sórí bàtà rẹ̀ tuntun. Àwọn àna dúró sí èbúté, wọ́n rí gbogbo rẹ̀ kedere. Ẹ ò lè ní kí wọ́n má rẹ́rìn-ín.

Àṣà kan wà nínú ìdílé Bàbá Ọládòṣù, bàbá Àjíbíkẹ́. Tí wọ́n bá ti fa ọmọbìnrin lé ọkọ lọ́wọ́, bàbá ìyàwó á ri òpó igi kan mọ́ etí omi níwájú ilé rẹ̀ ní orúkọ ọkọ náà. Òpó àna ni wọ́n ń pè é. Ọkọ̀ àna yẹn nìkan ni wọ́n ń so mọ́ ọn, ẹlòmíràn ò gbọ́dọ̀ fi okùn kàn án. Nígbà tí ọkọ bá fẹ́ mú ìyàwó wá kí àwọn òbí rẹ̀, ọkọ̀ tirẹ̀ ló máa fi gbé e wá, á so ó mọ́ òpó rẹ̀, gbogbo abúlé á sì mọ̀ pé ọmọ náà wà lọ́wọ́ ẹni tó lè gbé e. Ọmọbìnrin mẹ́rin ni Bàbá Ọládòṣù bí. Apẹja ni àwọn ọkọ mẹ́ta yòókù. Wọ́n ti ní ọkọ̀ kí wọ́n tó ní ìyàwó. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó Àjíbíkẹ́, bàbá ri òpó kẹrin mọ́lẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, ó wá yíjú sí wẹ́dà tó wá láti Ìwó.

"Ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ lo fi ń gbé e lọ lónìí," ló wí. "Kò burú. Lọ́jọ́ kan, kó o fi ọkọ̀ tìẹ gbé e láti ẹnu ọ̀nà rẹ wá sí ẹnu ọ̀nà mi. Òpó rẹ rèé."

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, wọ́n sì tún rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn wọ Tàjù lára ju bó ṣe yẹ lọ. Ó gbà pé èébú ni wọ́n fi òpó náà bú òun, pé bàbá ìyàwó ri igi síbẹ̀ kí gbogbo ẹni tó bá ń wa ọkọ̀ kọjá lè mọ̀ pé àna kan wà nínú ilé yìí tí kò ní ọkọ̀. Láti ọjọ́ náà, tó bá lọ sí Ìdí-Àgbọn, jẹ́tì gbogbogbò tó wà lódìkejì abúlé ló ń sọ̀ sí. Ẹ̀yìn ilé ló ń gbà wọlé, á dọ̀bálẹ̀ kí àwọn àna, á jẹun, á sì tún gba ẹ̀yìn ilé jáde. Kò dé ojú omi iwájú ilé yẹn mọ́. Ó ṣáà mọ̀ pé igi kì í pẹ́ jẹrà nínú omi iyọ̀. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé òpó òun á ti wó tipẹ́, pé ó sì tẹ́ òun lọ́rùn bẹ́ẹ̀.

Ayé wá ń lọ. Wọ́n bí Ṣùkúrátù, wọ́n bí àwọn àbúrò rẹ̀. Wọ́n lé Tàjù kúrò ní ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ nígbà tí wọ́n fẹ́ fẹ títì, ó lọ sí Èjìgbò, Èjìgbò náà tún há mọ́ ọn, ó wá fìdí kalẹ̀ sí ẹ̀bá kànáàlì l'Ókòtà, ó sì gba ilé sí òpópónà tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù náà gan-an. Lọ́jọ́ kan tó ń jó ìdúró tánkì, ó bi oníbàárà kan pé níbo ni omi dúdú ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù yìí ń lọ.

"Ó ń lọ sí ọ̀nà Fẹ́sítáàkì," ni oníbàárà náà wí. "Níbẹ̀ ló ti máa wọnú ọ̀sà. Ẹni tó bá ní sùúrù á bá a dé Ọ̀jọ́, á sì kọjá Ọ̀jọ́ pàápàá."

Tàjù pa iná máṣìnì rẹ̀. Ó lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó dúró, ó ń wo omi yẹn, tòun ti gbogbo ọ̀rá nọ́lọ́ọ̀nù tó ń léfòó lórí rẹ̀. Omi ẹnu ọ̀nà òun ló ń lọ sí ẹnu ọ̀nà àna òun! Kò tún sùn dáadáa mọ́ láti ọjọ́ náà.

Kò mọ ẹni tó ń gbẹ́ ọkọ̀ onípákó, kò sì wá a. Irin ló mọ̀, irin ló sì máa fi ṣe é.

"Irin á rì," ni Sàláúdéènì wí.

"Ọkọ̀ tó kó àwọn mọ́tò tó ò ń lẹ táyà wọn yìí wá láti òkè òkun, pákó ni?"

Sàláúdéènì ronú díẹ̀, ó ní òun kò wí nǹkan kan mọ́. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ àkọ́kọ́ kò gbe Tàjù. Kò rì o, àmọ́ bí tánkì ló ṣe kọ́ ọ, ikùn rẹ̀ rí roboto. Bó ṣe fi ẹsẹ̀ kan sínú rẹ̀ báyìí, ọkọ̀ yí gbiri, ó da ọ̀gá wẹ́dà sínú kànáàlì. Wọ́n fi ọ̀pá fà á jáde pẹ̀lú nọ́lọ́ọ̀nù lọ́rùn. Àwọn ará àdúgbò fi ọ̀rọ̀ yìí jẹ búrẹ́dì fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ìdáhùn tí Tàjù fún wọn ni pé ó gé ọkọ̀ náà sí wẹ́wẹ́, ó fi irin rẹ̀ ṣe géètì fún ẹnì kan l'Ájàó Estate, ó sì bẹ̀rẹ̀ òmíràn tí ìdí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Nígbà tó parí rẹ̀, ó gbé e lé orí bíríkì, ó bu omi kún inú rẹ̀ bámúbámú bí ó ṣe máa ń dán tánkì wò, ó sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Kò jò. Ó ní tánkì tí kò jẹ́ kí omi jáde kò ní jẹ́ kí omi wọlé.

Gbogbo ọjọ́ Àìkú ló ń lọ sí etí ọ̀sà lọ bá àwọn awakọ̀ ojú omi, kí wọ́n kọ́ òun ní bí wọ́n ṣe ń darí ẹ́ńjìnì. Ó bì ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́, ó bì ní ìkejì, ó tún bì lẹ́yìn ìyẹn. Nígbà tó yá, inú rẹ̀ náà rí i pé ọkùnrin yìí kò ní padà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí, ó sì fi í lọ́rùn sílẹ̀.

Ohun tó wú u lórí jù lára ọkọ̀ náà ni ìbòrí rẹ̀. Páìpù mẹ́rin ló nà ró, ó fi páànù bò ó lórí, ó kùn ún ní àwọ̀ búlúù, kí oòrùn má baà kan Àjíbíkẹ́ títí wọ́n á fi dé ilé bàbá rẹ̀. Sàláúdéènì ní kó fi nọ́ọ̀tì dè é kó lè ṣeé tú. Tàjù wò ó bíi pé ó bú òun.

"Nọ́ọ̀tì máa ń yẹ̀," ló wí. "Èyí tí mo bá jó, mo ti jó o nìyẹn."

Kò sì kọ́ ọ láì wọ̀n ọ́n. Afárá kékeré kan wà lọ́nà tí ọkọ̀ máa gba abẹ́ rẹ̀ kó tó bọ́ sí gbangba. Tàjù mú tépù, ó lọ síbẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó wọ̀n ọ́n láti ojú omi dé abẹ́ afárá, ó padà wálé, ó jó ìbòrí tó máa kọjá lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú àyè díẹ̀ lókè. Nígbà tí Àjíbíkẹ́ gbé oúnjẹ wá fún un, ó wo ìbòrí náà lókè, ó wò ó nílẹ̀.

"Bàbá Ṣùkúrà, ọ̀rọ̀ afárá ọ̀nà yẹn..."

"Mo ti wọ̀n ọ́n. Fọkàn balẹ̀."

Àjíbíkẹ́ fọkàn balẹ̀. Ó gbé abọ́ rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀sẹ̀ tí ọ̀dà ìbòrí gbẹ gan-an ni Olúbọ̀wálé, àbúrò Àjíbíkẹ́ lọ́kùnrin, pè láti Ìdí-Àgbọn. Ó ní bàbá ò jẹun mọ́. Ohunkóhun tí wọ́n bá gbé síwájú rẹ̀, á ní kí wọ́n gbé e kúrò. Ojú rẹ̀ kò ríran mọ́ tẹ́lẹ̀, ní báyìí ara rẹ̀ ti ń joro. Àjíbíkẹ́ jókòó ti máṣìnì ìránṣọ rẹ̀. Tàjù wo ìyàwó rẹ̀. Gbogbo èébú tó ti gbé pamọ́ sínú láti ọjọ́ yìí wá, ẹnì kan ṣoṣo ló fẹ́ fi ọkọ̀ dá lóhùn. Tí ẹni náà bá lọ kó tó débẹ̀, iwájú ta ni òun yóò ti so ọkọ̀?

"Ọjọ́ Sátidé," ló wí. "Àárọ̀ kùtùkùtù."

Bí ẹ bá rí àwọn ará àdúgbò ní àárọ̀ Sátidé yẹn, ẹ ò ní mọ̀ pé wọ́n ti bú ẹnikẹ́ni rí. Sàláúdéènì ló síwájú àwọn tó ti ọkọ̀ sínú omi. Tàjù gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀ sínú ọkọ̀, torí kì í jáde láì mú un dání, kódà tó bá ń lọ sí mọ́sáláṣí. Ó wọ jákẹ́ẹ̀tì tí ń múni léfòó, ó fún Àjíbíkẹ́ ní tirẹ̀, ó fa okùn ẹ́ńjìnì tó dè mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀. Ó dáhùn. Ariwo sọ.

"Ànábì Nùhù, ó dàbọ̀ o!" ni Sàláúdéènì ń pariwo. "Ẹ̀yin la gbọ́kàn lé o!"

Bí wọ́n ṣe ń lọ, ó ya Tàjù lẹ́nu bí Òkòtà ṣe rí tí èèyàn bá wò ó láti ẹ̀yìn. Gbogbo ilé tó kọjú ọ̀ṣọ́ sí títì, ẹ̀yìn wọn ni wọ́n kọ sí omi: aṣọ tó wà lórí okùn, jẹnẹrétọ̀ nínú àgò, ọkùnrin kan tó ń fọ eyín tó gbàgbé láti tu ìfóófòó dànù nígbà tó rí ọkọ̀ irin tó ní òrùlé búlúù. Nọ́lọ́ọ̀nù wé mọ́ abẹ́ ẹ́ńjìnì. Tàjù pa á, ó nawọ́ sínú omi dúdú náà, ó tú u. Wọ́n rìn díẹ̀, ó tún wé mọ́ ọn, ó tún tú u. Koríko orí omi dí ọ̀nà níbì kan. Àjíbíkẹ́ mú àjẹ̀, ó fi yà á sọ́tọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó sì jókòó padà sábẹ́ òjìji ìbòrí rẹ̀. Inú Tàjù ń dùn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé.

Súfèé yẹn kú sí i lẹ́nu nígbà tí wọ́n rí afárá. Nǹkan kan ò rí bó ṣe yẹ. Afárá náà ti kúrú. Ó kọ́kọ́ rò pé ojú òun ni. Ó dẹ iná ẹ́ńjìnì, ọkọ̀ rọra ń sún lọ, títí iwájú ìbòrí fi lu etí afárá gbàù, tí gbogbo ọkọ̀ mì.

"Ta ló gbé afárá yìí wálẹ̀?" ni Tàjù kígbe.

Kò sẹ́ni tó gbé afárá wálẹ̀. Omi ló gòkè. Ẹ má bínú sí i, ní Ìwó tó ti dàgbà, odò tó bá ti ń lọ, ó ń lọ nìyẹn. Òjò ló ń mú un kún, ẹ̀ẹ̀rùn ló ń mú un fà. Òjò ò sì tíì rọ̀ láti ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ti wọlé, ìdí wo ni omi máa fi kún? Láti ìgbà tó ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ ọkọ̀ létí ọ̀sà, àárín agbami ni ojú rẹ̀ máa ń wà, inú rẹ̀ tó ń rú ló sì máa ń bá jà. Kò wo etí omi rí bóyá ó wà níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ọ̀sán tó lọ wọn afárá, omi ti fà. Àárọ̀ Sátidé yìí, omi ti wọlé.

"Omi kún," ni Àjíbíkẹ́ wí wọ́ọ́rọ́wọ́.

"Òjò wo ló rọ̀?"

"Kì í ṣe òjò. Omi òkun ló wọlé. Ojoojúmọ́ ló ń wọlé, á tún padà."

"O mọ̀?"

"Ọmọ etí omi ni mí, Bàbá Ṣùkúrà."

"Kí ló wá dé tó ò sọ fún mi?"

"Ṣé ẹ bi mí ni? Mo la ẹnu lọ́jọ́sí, ẹ ní ẹ ti wọ̀n ọ́n."

Lókè, àwọn èèyàn ti ń pé jọ sórí afárá, wọ́n da orí kodò, wọ́n ń wò wọ́n. Ẹnì kan pariwo pé, "Bàbá, ẹ rífáàsì o!" Ẹlòmíràn ní kí àwọn bíi mẹ́wàá wọnú ọkọ̀ kó lè rì díẹ̀, kó sì kọjá. Àjíbíkẹ́ wò ó lókè, ó ní kó kọ́kọ́ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ ná.

"Tá a bá dúró kó fà ńkọ́?" ni Tàjù bèèrè.

"Á fà. Àmọ́ kó tó fà débi tí òrùlé yín á fi kọjá, iwájú níbi tí kànáàlì ti wọ ọ̀sà á ti di ẹrẹ̀. Irin lẹ fi ṣe ọkọ̀ yìí, ẹnikẹ́ni ò lè tì í lórí ẹrẹ̀. Ibẹ̀ la máa sùn."

"Lọ́la ńkọ́?"

Àjíbíkẹ́ yíjú sí ìsàlẹ̀ omi, sí apá ibi tí ilé bàbá rẹ̀ wà. Tàjù náà wo ibẹ̀. Ó wá gbójú sókè, ó wo ìbòrí rẹ̀, ojú ìjórin tó rẹwà tí kò ní àlébù kankan. Ká ní nọ́ọ̀tì ló fi dè é ni, ì bá ti tú u kó tó mí lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ṣí àpò irinṣẹ́, ó mú ayùn irin jáde.

Ó dùn ún. Kò sí bí a ṣe fẹ́ sọ ọ́ tí kò ní dùn ún. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tó dára jù ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé, lójú àwọn tó ń jẹ ẹ̀pà lórí afárá. Ó gé páìpù kìíní, òógùn bò ó. Ó gé ìkejì, ayùn bẹ̀rẹ̀ sí í fò kúrò lójú irin.

"Ẹ gbé e wá," ni Àjíbíkẹ́ wí.

Ó gba ayùn lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ tó ti ń yí máṣìnì ìránṣọ láti ìgbà ọmọge rẹ̀ kì í rẹ̀ bọ̀rọ̀. Tàjù di páìpù mú, Àjíbíkẹ́ gé e. Nígbà tó gé ìkẹrin tán, àwọn tó wà lórí afárá ti dákẹ́ ẹ̀rín. Wọ́n ju okùn sílẹ̀, Tàjù so ìbòrí mọ́ ọn, wọ́n fà á sókè sọ́dọ̀ ara wọn pẹ̀lú ariwo "hẹ́ẹ̀pù!"

"A máa bá yín tọ́jú ẹ̀ o, Bàbá!" ni ẹni tó ní kí wọ́n rífáàsì ń pariwo. "Ẹ máa lọ!"

Wọ́n tẹrí ba, wọ́n gba abẹ́ afárá kọjá. Tàjù mú gbogbo ìlérí tó ṣe nípa oòrùn wá sọ́kàn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì. Àjíbíkẹ́ tú ìborùn rẹ̀, ó wé e mọ́ orí.

"Oòrùn yìí ló tọ́ mi dàgbà," ló wí. "Ẹ máa lọ jàre."

Ọ̀sà ṣí sílẹ̀ níwájú wọn, ó fẹ̀ ju bó ṣe ń fẹ̀ ní àwọn ọjọ́ Àìkú. Ọkọ̀ ńlá kan kọjá, ìgbì rẹ̀ ń bọ̀. Tàjù rántí bàtà tuntun tó fi ṣòfò lọ́jọ́ kìíní. "Ẹ kọjú sí i," ni Àjíbíkẹ́ wí. "Ẹ má jẹ́ kó gbá wa lẹ́gbẹ̀ẹ́." Tàjù kọjú sí i. Ọkọ̀ gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀, omi fọ́n sí wọn lójú, ọkọ̀ irin kò sì jò. Ẹ̀rù ń bà á, síbẹ̀ kò yí ọwọ́ padà. Wọ́n kọjá Ọ̀jọ́, wọ́n kọjá ibi tí àwọn oníyanrìn ti ń wa iyanrìn, igi àgbọn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ orí lọ́hùn-ún.

Kí wọ́n tó dé, ó ti ń wá ibi tí òun máa so ọkọ̀ sí. Ó rí iwájú ilé àna rẹ̀ tí kò fojú kàn láti ọjọ́ ìgbéyàwó. Ọkọ̀ pákó mẹ́ta wà níbẹ̀ lórí òpó mẹ́ta. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, òpó kẹrin dúró gbọn-in nínú omi, kò sí ọkọ̀ lára rẹ̀, igi rẹ̀ sì mọ́ bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó èèpo rẹ̀.

"Wọ́n ti ní àna mìíràn ni?" ni Tàjù bèèrè. "Ta ló ni òpó yẹn?"

Olúbọ̀wálé ló wọ inú omi dé orúnkún wá pàdé wọn, ẹnu rẹ̀ ò pa dé.

"Ẹ̀gbọ́n, tiyín kẹ̀! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ ẹ̀ nígbà ọyẹ́ ni. Gbogbo ìgbà tó bá ti jẹrà báyìí, Bàbá á ní ká lọ gé òmíràn. Kódà látìgbà tójú wọn ò ti ríran mọ́, wọ́n á ní ká fa àwọn lọ́wọ́ wá sí etí omi káwọn fọwọ́ kàn án."

Tàjù pa ẹ́ńjìnì. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀.

"O mọ̀?"

"Mo mọ̀."

"Gbogbo ọdún yìí?"

"Ṣé ẹ bi mí rí?" ni Àjíbíkẹ́ wí. "Tí mo bá ti dárúkọ etí omi yìí, ẹ máa dìde kúrò níbẹ̀ ni."

Ojú tì í, inú rẹ̀ sì dùn, kò mọ èyí tó ṣáájú nínú méjèèjì. Èébú tó ti gbé rìn láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ kò jẹ́ èébú rárá. Àyè ni wọ́n fi ń dè é, wọ́n sì ń tún un ṣe ní gbogbo ìgbà tí òun ń gba ẹ̀yìn ilé wọlé.

Wọ́n ti gbé Bàbá Ọládòṣù jáde sórí àga sí etí omi gan-an. Ó ti gbẹ, aṣọ pọ̀ lára rẹ̀, àmọ́ ó dẹ etí sí ìró omi tó ń lu irin.

"Tàjù ni?"

"Èmi ni, Bàbá. Ẹ kú ojú lọ́nà o."

"Ọkọ̀ ta lèyí?"

"Tèmi ni, Bàbá. Ọwọ́ mi ni mo fi ṣe é. Láti ẹnu ọ̀nà mi l'Ókòtà la ti ń bọ̀."

Bàbá nawọ́. Olúbọ̀wálé àti Tàjù fa ọkọ̀ mọ́ ọn, ó fi ìka tọ etí rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀, títí ọwọ́ rẹ̀ fi kan kùkùté páìpù tí wọ́n gé.

"Kí lo gé níbí?"

"Ìbòrí ni, Bàbá. Afárá ò jẹ́ kó kọjá."

Èjìká Bàbá wá bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ẹ̀rín ni, ó rín in títí ó fi di ikọ́.

"Omi kún," ló wí nígbà tí ikọ́ dúró.

"Omi kún, Bàbá."

"Ìyàwó rẹ ò sọ fún ọ?"

"Mi ò bi í, Bàbá."

"Hùn." Bàbá na ìka sí ibi tí òpó wà. Kò rí i, ṣùgbọ́n kò ṣì í. "So ọkọ̀ rẹ."

Tàjù mú okùn, ó sọ̀ kalẹ̀ sínú omi. Gbogbo abúlé ti dé. Àwọn àna mẹ́ta yòókù dúró, wọ́n ń wò ó. Ó dé ìdí òpó, ó gbé okùn sókè, ó wá rí i pé nínú gbogbo ohun tí òun kọ́, òun ò kọ́ bí wọ́n ṣe ń so ọkọ̀. Ohun tí òun mọ̀ ni kí òun jó nǹkan pọ̀. Ní ọjọ́ mìíràn, ì bá kàn ta á ní kókó bó ṣe wù ú, kí wọ́n sì máa rẹ́rìn-ín.

"Àjíbíkẹ́," ló pè, ó sì pè é sókè kí gbogbo èèyàn lè gbọ́. "Báwo ni wọ́n ṣe ń so ó?"

Àjíbíkẹ́ ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó sọ̀ kalẹ̀ sínú omi wá bá a. Ó mú ọwọ́ rẹ̀, ó fi okùn yí òpó ká, ó gba abẹ́ rẹ̀ bọ̀ ọ́, ó fà á le. Ó tún tú gbogbo rẹ̀, ó ní kó ṣe é fúnra rẹ̀. Àkọ́kọ́ yọ̀. Ìkejì dúró. Tàjù fi gbogbo agbára fa ọkọ̀ wò, òpó ò mì.

"Ó ti so ó?" ni Bàbá Ọládòṣù bèèrè látorí àga rẹ̀.

"Ó ti so ó, Bàbá," ni Àjíbíkẹ́ dáhùn.

Bàbá mi orí. Ó ní kí wọ́n lọ wo ohun tó wà nínú ìkòkò, ebi ń pa òun.